Garawa, Wẹ́dà Tó Sọ Ààtàn Doko: Ọdún Mẹ́rin Rèé

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ̀yin tí ẹ gbé ìjókòó wá àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ fara balẹ̀. Òkú la fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, ṣùgbọ́n kò sí èèwọ̀ níbẹ̀ bí alààyè bá gbọ́. Ìtàn kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ibi tó ti ń dunni, ó ní ibi tó ti ń pani lẹ́rìn-ín, a kò sì ní sáré sọ ọ́. Ẹni tó bá gbé ìkòkò sórí iná, kó tètè lọ sọ̀ ọ́ kó tó padà wá jókòó.

Garawa! Ọdún mẹ́rin rèé tí o lọ.

Ọdún mẹ́rin gbáko! Wọ́n ní ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn kò sunwọ̀n láàyè. Irọ́ ni, ó kéré tán lórí tìẹ. O lágídí, o máa ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta, o sì máa ń búra pé ìwọ kọ́ lo jẹ ẹran tó kù nínú ìkòkò. Síbẹ̀, o sunwọ̀n láàyè. Ẹni tó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, kó jáde síta!

Jẹ́ ká ròyìn ilé fún ọ. Ọmọbìnrin rẹ ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni báyìí, ó sì ń bá àìsàn jà bí ìwọ ṣe ń bá irin jà. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti ga ju ilẹ̀kùn yàrá lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti forí gbá a lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan. Ṣọ́ọ̀bù rẹ kò tì. Ọmọṣẹ́ rẹ tó ti di ọ̀gá ń jó irin lápá ọ̀tún, ìyàwó rẹ sì ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí apá òsì. Ẹni tó wá ṣe fèrèsé ń bá ẹni tó wá gba ẹ̀wù pàdé lẹ́nu ọ̀nà. "Bí iná rẹ bá ta sí aṣọ oníbàárà mi," ìyàwó rẹ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ láràárọ̀, "n óò rán ètè rẹ mọ́ imú rẹ." Iná kò tíì ta sí ọ̀kankan.

Ọ̀rọ̀ oko ló kù. Ibẹ̀ ni ìtàn wà.

Ẹni tó bá jẹ́ àlejò láàrin wa, kó mọ̀ pé abúlé la ti bí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń sọ̀rọ̀ yìí. O wá sí ìgboro wá kọ́ṣẹ́ wẹ́dà, ṣùgbọ́n ọkọ́ kò kúrò lọ́kàn rẹ. Garawa òróró márùn-ún tó ń jò nídìí lo kọ́kọ́ tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. O bu iyẹ̀pẹ̀ sí wọn, o gbin ata. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pè ọ́ ní Garawa, o ń jẹ́ ẹ, orúkọ tí ìyá wa sọ ọ́ sì di ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé nìkan.

Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lo ti bọ́ sórí ààtàn ẹ̀yìn ilé, níbi tí ilé ńláńlá mẹ́fà ń da ìdọ̀tí sí. Oṣù méje lo fi kó o! Táyà, ìgò, bẹ́ẹ̀dì tó ti kán, fìríìjì tí eku fi ṣe ààfin. Ìyá Òkè, ìyá àgbà tó ń gbé àjà kẹta, yọrí lójú fèrèsé, ó ní:

"Wẹ́dà, ṣé o ti rí góòlù níbẹ̀ ni?"

"Rárá, mà. Ọbẹ̀ ni mò ń wá."

"Lórí ààtàn? Ààtàn kì í kọ ìdọ̀tí o!"

"Kì í kọ ata náà, mà. Ẹ gbé abọ́ yín sọ̀kalẹ̀ lóṣù mẹ́ta òní."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi pa fèrèsé dé. Ìgbà tí ata pọ́n, ta ló kọ́kọ́ gbé abọ́ sọ̀kalẹ̀? Òun náà ni!

Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ilẹ̀ gbọ́, wọ́n wá wò ó, wọ́n fún yín níwèé pé ẹ lè máa dáko lọ, níwọ̀n ìgbà tí apá kankan níbẹ̀ kò bá di igbó fún ọdún kan. Ẹ fọwọ́ sí i. Ta ni yóò bẹ̀rù irú àdéhùn bẹ́ẹ̀? Ìdílé mọ́kànlélógójì gba ebè kọ̀ọ̀kan, tìẹ náà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Òfin kan ṣoṣo lo ṣe fún wọn. Ẹni tó bá ká nǹkan, kó gbin òmíràn kó tó fọ ọwọ́. O kò fi ìwé kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbàgbé rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni o lọ. O gbin ọ̀dùnkún sí ebè rẹ, o fọ ọwọ́, o jókòó kí o sinmi díẹ̀. O kò dìde mọ́.

Ìyàwó rẹ sunkún débi pé ohùn rẹ̀ dákẹ́. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó ṣa etí aṣọ dúdú tó kù lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó so wọ́n pọ̀ di okùn. Ó kan igi sí orígun ebè rẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi okùn náà yí i ká.

"Ẹ gbọ́ o," ó ní. "Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kàn gbẹ̀yìn láyé nìyí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọkọ́ kàn án. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìka kàn án."

Gbogbo wa mi orí. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń sọ̀rọ̀ yìí, tó ti ń dáko kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń fun ikun, òun náà mi orí. Ó tún fi kún un pé, "Ìyàwó wa, o káre." Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, Garawa, orí sì wọ́ gbagidi.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, gbọ́ ohun tí oko rẹ ṣe! Ọdún kìn-ín-ní tí o lọ, àgbàrá gbé afárá ńlá lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo kò wọ ìgboro fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjà ṣófo. Àwọn ènìyàn tò láti ìdájí nítorí ìrẹsì tí kò kún agolo. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, nítorí náà wọ́n jà, wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ọmọ ìyá kò mọ ọmọ ìyá mọ́. Níhìn-ín ńkọ́? Níhìn-ín, lórí ààtàn rẹ, a jẹun! Ẹ̀wà wà. Àgbàdo wà. Ata àti tòmátì wà. Nínú ìdílé mọ́kànlélógójì, kò sí èyí tó da ìkòkò rẹ̀ dé. A tún ru kábéèjì lọ fún àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn. Àwọn tó ní eré ọmọdé lo ń ṣe pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀, eré náà ló bọ́ wọn!

Ebè kan ṣoṣo ni kò bọ́ ẹnikẹ́ni. Tìẹ ni.

Koríko ibẹ̀ dé ojúgun, ó dé orúnkún, ó dé ìbàdí. Eku bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ eku náà bímọ. Nígbà tó yá, kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í ti ibẹ̀ lọ kí àwọn aládùúgbò, ọ̀tún àti òsì, ewé wọn di ajere. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Tiwa wà nídìí ọ̀fọ̀. Gbogbo ènìyàn rí i. Ta ló fẹ́ sọ ọ́ fún opó?

Ìyá Òkè gbìyànjú. Ó yọ́ lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó nawọ́ kọjá okùn, ó fa ìdì koríko kan tu. Bí ìyàwó rẹ ṣe yọ láti ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, téèpù ìwọnṣọ ń fì lọ́rùn rẹ̀.

"Ìyá Òkè! Kí lẹ mú níbẹ̀ yẹn?"

"Koríko ni, ọmọ mi."

"Koríko ta ni?"

"Koríko... koríko ọkọ rẹ ni."

"Ẹ dá a padà!"

Ó dá a padà, Garawa! Àgbà obìnrin, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, kúnlẹ̀, ó tún koríko gbìn, ó tún bomi sí i!

Ọdún kejì ni Onítáì dé. A kò mọ orúkọ rẹ̀. Táì rẹ̀ la mọ̀, ó pupa bí ata tó pọ́n, ó sì gùn kọjá bẹ́líìtì. Ọ́fíìsì ilẹ̀ ló rán an. Ó gba àárín ogójì ebè tó tutù yọ̀yọ̀ kọjá, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, àfi bíi pé ẹnì kan ti júwe ọ̀nà fún un. Iwájú ebè tìẹ ló dúró sí. Ó ya fọ́tò. Ó yí i po, ó tún ya òmíràn, ó lọ.

Lẹ́tà tẹ̀lé e. "Ilẹ̀ tí a pa tì," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́. Wọ́n ní àdéhùn ti tú. Wọ́n ní bó bá pé ọgbọ̀n ọjọ́, àwọn yóò gba gbogbo rẹ̀, wọn yóò da ọ̀dà sí i, kí àwọn tó ń wá rajà ní ilé ìtajà ńlá ìsàlẹ̀ títì lè rí ibi gbé ọkọ̀ sí. Ilẹ̀ tí a pa tì! Àwa! Àwa tí ẹ̀yìn wa ti tẹ̀!

Gbogbo ìdílé pé sí ṣọ́ọ̀bù rẹ, ariwo gba òrùlé. Káfíńtà ilé kejì ní, "A ó dùbúlẹ̀ síwájú kátapílà wọn!"

"Èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ́ síbẹ̀," Ìyá Òkè dáhùn. "Eegun mi ti gbẹ, yóò bẹ́ táyà wọn."

"Kátapílà kì í ní táyà, mà."

"Kó lọ wá a ní kó tó dé ọ̀dọ̀ mi!"

Ìyàwó rẹ ló ń ké jù. Ó ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Ó ní wọ́n rí i pé olórí ti lọ ni wọ́n ṣe dé. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin rẹ wọlé láti ibi iṣẹ́, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gba lẹ́tà náà, ó kà á, ó na fọ́tò tó wà nínú rẹ̀ sí ìyá rẹ̀.

"Màámi, ebè ta lèyí?"

Ìyá rẹ̀ gbà á wò.

"Ti bàbá rẹ ni."

"Nínú ebè mọ́kànlélógójì, òun nìkan ni wọ́n rí yà. Màámi, kì í ṣe Onítáì ló pa á tì."

"Èmi? Èmi ni mo pa bàbá rẹ tì? Ìwọ ọmọ tí mo fi oṣù mẹ́sàn-án gbé!"

"Ẹ ò pa Bàámi tì. Ilẹ̀ lẹ pa tì. Bàámi kì í fọ ọwọ́ kúrò lórí ilẹ̀ tó ṣófo, ẹ̀yin náà mọ̀."

Ìyàwó rẹ fi fọ́tò náà sílẹ̀. Ó mú àlùmọ́gàjí tó fi ń gé aṣọ, ó jáde. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ bóyá ó fẹ́ lọ gé okùn ni, àbí ó fẹ́ lọ ṣọ́ ọ. Kò sì sí ẹni tó láyà láti tẹ̀ lé e. Ojú fèrèsé ni gbogbo ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sá lọ.

Ẹ̀gbẹ́ okùn ló jókòó sí, lórí ilẹ̀ lásán, nínú oòrùn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó rò ó pé bí òun bá gbẹ́ ibẹ̀, ipa ìka rẹ tó kù láyé yóò parẹ́. Bí òun kò bá sì gbẹ́ ẹ, iṣẹ́ rẹ yóò parẹ́, ìdílé mọ́kànlélógójì yóò sì padà sẹ́nu ọjà tó lè ṣófo nígbàkigbà. Èwo wá ni Garawa nínú méjèèjì? Ipa ìka ni, àbí iṣẹ́? Ó bi ara rẹ̀ títí, kò rí ẹni dá a lóhùn, inú wá bí i sí ọ.

Ó bú ọ! Gbọ́ ọ bó ṣe sọ ọ́: "Alágídí! Olórí kunkun! Gbogbo ayé fẹ̀ tó yìí, o kò rí ibòmíràn kú sí àfi ẹ̀gbẹ́ ebè! O fọ ọwọ́ tìẹ, o fi tèmi sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀! Ó dáa. Ó dáa náà. Wọn ò ní tìtorí ẹkún mi gba oko rẹ!"

Ó gé okùn náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún gé e lẹ́ẹ̀mejì, ó fa igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tu. Ó mú ọkọ́. Ó sán koríko, ó kó ìtẹ́ eku dànù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè. Nígbà kẹta tàbí ìkẹrin tó sọ ọkọ́ sílẹ̀, ọkọ́ kan nǹkan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ tú u.

Ọ̀dùnkún ni! Ọ̀dùnkún tí o gbìn láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì! Igbó bò ó, kò kú. Eku jẹ nínú rẹ̀, kò kú. Ọdún méjì ló fi ń bímọ nínú òkùnkùn láìsí ẹni tó bi í pé báwo ni nǹkan. Ìyàwó rẹ gbé èyí tó tó orí ọmọdé sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀, ó kọjú sí gbogbo fèrèsé, ó figbe ta:

"Ẹ sọ̀kalẹ̀! Ẹ wá wo ilẹ̀ tí wọ́n ní a pa tì!"

Ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tú. Abọ́, apẹ̀rẹ̀, garawa, fìlà káfíńtà, ohun gbogbo la fi kó o. Kò sí ìdílé tí kò sè é lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n sì bu omi wá fún ìyàwó rẹ kó fọ ọwọ́, ó ní kí wọ́n gbé e dúró. Ó gbin ẹ̀wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ebè dé òpin. Lẹ́yìn náà ló fọ ọwọ́.

Nígbà tí ọgbọ̀n ọjọ́ pé, Onítáì dé pẹ̀lú àwọn awọnlẹ̀ méjì. Fọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà oko, ó káwọ́ sí ìbàdí.

"Mà, èwo ni ebè inú fọ́tò yìí?"

"Ẹ wá a."

Ó wọlé. Ó wo fọ́tò, ó wo ilẹ̀. Ewéko ló rí, ewéko náà ló tún rí. Ó ka ebè láti apá ọ̀hún, ó jẹ́ mọ́kànlélógójì. Ó kà á láti apá ìhín, kò yàtọ̀. Ó tẹsẹ̀ bọ poro tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi sí, ẹrẹ̀ mu ún dé kókósẹ̀, ìsàlẹ̀ táì rẹ̀ bọ́ sínú ewé tòmátì. Ìyá Òkè jókòó sórí àpótí, ó ń bó ẹ̀wà.

"Ọ̀gá, ṣé nǹkan yín sọnù ni? Ẹ sọ bó ṣe rí, ká bá yín wá a."

Onítáì kò rí i. Kò lè rí i! Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lẹ́tà mìíràn dé. Wọ́n ní kí á máa dáko lọ fún ọdún márùn-ún sí i. Kò sí "ẹ má bínú" níbẹ̀, a kò sì béèrè rẹ̀. Bí ọdún márùn-ún bá pé, kí wọ́n tún wá! Wọ́n á bá wa níbẹ̀. Bí wọn ò bá bá wa, wọ́n á bá ọmọ wa, ọkọ́ á sì wà lọ́wọ́ wọn. Àdúgbò méjì ti wá kọ́ bí a ṣe ń ṣe é. Ọmọbìnrin rẹ ti kọ ebè mẹ́jọ sẹ́yìn ilé ìwòsàn, ibẹ̀ ni àwọn aláìsàn rẹ̀ ti ń jẹ ẹ̀fọ́ tútù báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ da ọ̀dà, ẹ ti pẹ́ jù!

Nígbà tí ìrántí òní ń bọ̀, àwọn ènìyàn rere kan dá a lábàá pé kí a gbẹ́ orúkọ rẹ sára òkúta, kí a gbé e sí ààyè rẹ nínú oko. Ìyàwó rẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní, "Ibi tí ẹ fẹ́ gbé òkúta sí yẹn, ata mẹ́fà lè hù níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ òkúta parí síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ náà ti abúlé dé lánàá, ó wọ inú oko lọ láti kí ọ. Ó wá ebè rẹ títí, kò rí i. Ó pe ìyàwó rẹ kó fi hàn án. Obìnrin náà dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti ń rú èmi náà lójú. Ẹ ṣáà kí i láti ibí lọ dé ọ̀hún yẹn." Ó sì na ọwọ́ yí gbogbo oko po.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe kí ọ. Àárò rẹ ń sọ wá, Garawa! Ó ń sọ wá bí ìgbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, ọdún mẹ́rin kò dín in kù. A fẹ́ràn rẹ, a kò sì ní jókòó káwọ́ lérí nítorí rẹ. Ọwọ́ wa kò ní í dilẹ̀!

Ohun tó ṣojú ẹ̀gbọ́n rẹ kò pọ̀ nínú ìtàn yìí. Ìyá Òkè ló sọ èyí tó rí lójú fèrèsé fún un, ó sì fi iyọ̀ sí i díẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ ló sọ ti inú ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó rẹ ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin òun àti ìwọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn. Nígbà tó parí, ó ní bí a bá dé ibi èébú, kí a má yọ ọ̀kan nínú rẹ̀, kí a sọ ọ́ sí ọ létí bó ṣe rí gan-an, nítorí pé òun kò tíì dárí jì ọ́ pé o lọ.